Fìtílà àti Àkàrà Nínú Ilé Kan Náà

Ẹ kà: Ẹ́kísódù 25:23-40, 31:1-5

Lóṣù yìí, mo fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan fún yín.

Ìjọ wa ní Ọ̀rányàn níbí dá owó jọ láti mọ ère ẹyẹ idì ńlá sí ẹnu ọ̀nà. Èmi gan-an ni mo dá a lábàá. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń sọ̀kalẹ̀ láti Mápó rí i, kí ó mọ̀ pé ilé Ọlọ́run nìyí. Lẹ́yìn ìpàdé, ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́bàá ọ̀nà sún mọ́ mi, ó ní, "Pásítọ̀, ẹ má bínú o, ṣé ẹyẹ yìí yóò máa tan iná fún wa lálẹ́ ni?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ìyá yìí kò lè ra epo sí jẹnẹrétọ̀ mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ọjà rẹ̀ parí nìyẹn.

Mo ṣí Bíbélì mi. Ọlọ́run fi Ẹ̀mí Rẹ̀ kún Bésálẹ́lì, kì í ṣe nítorí ìwàásù, nítorí iṣẹ́ ọnà ni. Ẹ wo iṣẹ́ náà: ọ̀pá fìtílà oníwúrà, tí ó ní ẹ̀ka àti òdòdó bí igi. Ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó tún ń tan ìmọ́lẹ̀. Òróró ólífì ni wọ́n ń dà sí i, èso igi tí ń so lọ́dọọdún. Ní òdìkejì rẹ̀ ni tábìlì àkàrà ìfihàn wà (26:35), àwọn àlùfáà sì ń jẹ àkàrà náà (Léfítíkù 24:9). Ẹwà, ìmọ́lẹ̀ àti oúnjẹ, nínú ilé kan ṣoṣo!

Àwọn ọmọ ayé pàápàá ti ń wá irú nǹkan báyìí. Elizabeth Monoian àti Robert Ferry dá Land Art Generator Initiative sílẹ̀ ní 2008. Wọ́n ń pe àwọn oníṣẹ́ ọnà láti ya àwòrán ohun ẹlẹ́wà tí a lè gbé sí gbangba, tí yóò sì máa fi oòrùn tàbí afẹ́fẹ́ pèsè iná. Ní 2020, fún ilẹ̀ kan ní aṣálẹ̀ Nevada, wọ́n fi oúnjẹ àti omi kún un.

Ẹ má sọ pé ti òyìnbó nìyẹn. Ní Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, àlùfáà Kátólíìkì kan, Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, dá oko Songhai sílẹ̀ ní 1985 lórí hẹ́kítà ilẹ̀ kan. Ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì ìdáná, ìdin ń di oúnjẹ ẹja, omi ẹja ń lọ sórí ẹ̀fọ́. Oko ni, kì í ṣe ère, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó ṣòfò níbẹ̀.

Mo padà sọ́dọ̀ ìjọ. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ni owó, ẹyẹ idì lẹ sì dá a fún. Ẹ dárí jì mí, ẹ jẹ́ kí á tún un rò." Àwọn kan bínú, ó tọ́ sí wọn. Níkẹyìn, a fohùn ṣọ̀kan: àwọn wẹ́dà inú ìjọ yóò fi irin ṣe ẹnu ọ̀nà bí ẹ̀ka igi, sólà lókè, gílóòbù lábẹ́, ẹ̀fọ́ úgú yóò máa gun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyá wa yóò máa tajà níbẹ̀ lálẹ́, àwọn ọmọ yóò sì máa kàwé.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí: Áárónì ní láti tọ́jú fìtílà náà lójoojúmọ́. Eruku ọyẹ́ máa ń dín agbára sólà kù, ẹ̀fọ́ sì ń fẹ́ omi. Nítorí náà, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, a ti kọ orúkọ àwọn ọ̀dọ́ tí yóò máa nù ún, tí yóò sì máa bomi rin ín.

Ìwọ ńkọ́, olùfẹ́? Ohun tí o fi ń ṣe ilé rẹ lọ́ṣọ̀ọ́, ta ni ó ń ràn lọ́wọ́?

Àdúrà: Olúwa, má jẹ́ kí ẹwà ilé Rẹ fi aládùúgbò wa sílẹ̀ nínú òkùnkùn àti ebi, ní orúkọ Jésù. Àmín.