Òtútù ká a lápá kò: ohun tó pa Phoenix sórí Máàsì rèé o

Bí wọ́n bá ní ẹ̀rọ olówó ńlá kan bàjẹ́, ohun tí èèyàn máa kọ́kọ́ béèrè ni pé ta ló bà á jẹ́. Ní ti Phoenix tí àjọ NASA ilẹ̀ Amẹ́ríkà rán lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Olè ò jà á, wáyà ẹ̀ ò jó. Ìrì dídì ló gorí ẹ̀, tó sì ṣẹ́ ẹ lápá. Èyí tó wá yani lẹ́nu jù ni pé àwọn tó rán an níṣẹ́ ti mọ̀, kó tó kúrò nílé, pé òtútù ló máa gbẹ̀mí ẹ̀.

Orúkọ ẹ̀ gan-an nítàn. Phoenix ni ẹyẹ inú àlọ́ àwọn òyìnbó tó máa ń jóná di eérú, táá tún jí látinú eérú náà. Lóṣù kejìlá, ọdún 1999, NASA pàdánù ẹ̀rọ kan tó fẹ́ balẹ̀ sí Máàsì, wọn ò gbúròó ẹ̀ mọ́ títí dòní. Ìyẹn ló kó wọn láyà jẹ tí wọ́n fi ní kí ẹ̀rọ mìíràn tó jọ ọ́, tó yẹ kó gbéra lọ́dún 2001, má lọ mọ́. Wọ́n gbé e pamọ́. Ìgbà tó yá ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Smith àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Yunifásítì Arizona ní kí wọ́n gbé e jáde, iṣẹ́ wà tí àwọn fẹ́ fi ṣe. Bí òkú ẹ̀rọ ṣe jí nìyẹn, tí wọ́n sì fi orúkọ ẹyẹ náà pè é.

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹjọ, ọdún 2007 ló gbéra. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, ọdún 2008, ó gúnlẹ̀ láyọ̀ sí ìhà àríwá Máàsì. Owó tí wọ́n ná lé e lórí ju mílíọ̀nù 400 dọ́là lọ. Sólà ló sì fi ń jẹun: pátákó rìbìtì méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tó ṣí bí ẹni ń ṣí abẹ̀bẹ̀ nígbà tó balẹ̀ tán.

Ibi tí wàhálà wà nìyẹn. Máàsì náà ní ìgbà ooru àti ìgbà òtútù bíi tayé yìí, àmọ́ ọdún kan níbẹ̀ jẹ́ 687 ọjọ́ tiwa, ìgbà òtútù ẹ̀ kì í tètè lọ. Níbi tí Phoenix dúró sí, oòrùn kì í wọ̀ nígbà ooru, bẹ́ẹ̀ ni kì í yọ rárá fún ọ̀pọ̀ oṣù nígbà òtútù. Tí òtútù náà bá wá rẹlẹ̀ sí òdo ní ìwọ̀n 125 lórí Celsius, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúnra ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Ṣẹ́ ẹ rí i, nínú ìpín 100 afẹ́fẹ́ Máàsì, 95 ló jẹ́ carbon dioxide, irú èyí tí ọmọ èèyàn ń mí síta. Ohun tó ń bọ́ sílẹ̀ di ìrì funfun nìyẹn. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo afẹ́fẹ́ Máàsì ló máa ń dì bẹ́ẹ̀. Tí oòrùn bá sì padà dé, ìrì yìí kì í yọ́ di omi. Ṣe ló máa ń rá mọ́ afẹ́fẹ́ bíi káfúrà inú àpótí aṣọ, láìfi omi kankan sílẹ̀.

Kì í ṣe pé wọn ò rí ìrì dídì níbẹ̀ rí o. Viking 2 tó balẹ̀ lọ́dún 1976 ya fọ́tò ẹ̀ lọ́jọ́ kejìdínlógún, oṣù karùn-ún, ọdún 1979. Ṣùgbọ́n ti omi nìyẹn, ó fẹ́lẹ́ bíi ti kí wọ́n bu ẹ̀tù díẹ̀ wọ́n ilẹ̀, Viking ò sì gbójú lé sólà. Ti Phoenix ò rí bẹ́ẹ̀.

Igi gangaran má gùn mí lójú, òkèèrè ni wọ́n ti wò ó. 90 ọjọ́ Máàsì péré ni wọ́n là sílẹ̀ fún un, kíá ló sì ti bẹ́ sẹ́nu iṣẹ́. Ó gbẹ́lẹ̀, ó kan nǹkan funfun, láàárín ọjọ́ mẹ́rin díẹ̀ nínú ègé nǹkan náà ti pòórá. Bó bá jẹ́ iyọ̀ ni, kò ní í pòórá. Bó bá jẹ́ carbon dioxide ni, kò ní í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Yìnyín omi ni! Nígbà tó di ìparí oṣù keje, ó gbé iyẹ̀pẹ̀ sínú ààrò kékeré tó wà lára ẹ̀, ó yan án, omi sì jáde lóòótọ́. Ó tún rí yìnyín tó ń já bọ́ látinú ìkùukùu.

Láàárín oṣù kẹjọ, ìrì ti ń funfun lórí ilẹ̀ láàárọ̀. Oòrùn ń dín, oúnjẹ ń tán nínú bátìrì. Phoenix lò ju oṣù márùn-ún lọ, ó kọjá iye ọjọ́ tí wọ́n fún un. Ọjọ́ kejì, oṣù kọkànlá, ọdún 2008 ni wọ́n gbọ́ ohùn ẹ̀ kẹ́yìn.

Síbẹ̀, ìrètí ò tán. Ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà ẹ̀ tí wọ́n sọ ní Lásárù, pé bí oòrùn bá padà dé, kó jí kó sì pe ilé. Lọ́dún 2010, ẹ̀rọ Odyssey tó ń yí Máàsì po fò kọjá lókè ibẹ̀ ju ìgbà 200 lọ, tó ń tẹ́tí. Lásárù ò dáhùn. Fọ́tò tí wọ́n yà látòkè lóṣù karùn-ún ọdún náà ló tú àṣírí: òjìji ẹ̀ ti kéré sí ti tẹ́lẹ̀, bí ẹni pé abẹ̀bẹ̀ náà ti tẹ̀ tàbí kó ti ṣẹ́. Onímọ̀ kan, Michael Mellon, ṣírò ẹ̀ pé ìrì tó bò ó láàárín òtútù yẹn á wọn ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún pọ́ùn, bíi kí wọ́n kó àpò sìmẹ́ǹtì mélòó kan lé e lórí.

Phoenix ṣì wà níbẹ̀. Fọ́tò tí wọ́n yà lóṣù kejìlá, ọdún 2017 fi hàn pé eruku ti ń bò ó mọ́lẹ̀. Gbogbo ìgbà òtútù ni ìrì náà ń padà wá bò ó, táá tún bá oòrùn lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ó ti jẹ́ ẹ kílẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó bá mọ̀gbà tí oòrùn òun máa wọ̀, kì í fi ọ̀sán ṣeré.