Níti Bọ́ọ̀lù Tí Ó Kọjá Ìlà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá agbo ilé sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí lè dàbí ọ̀rọ̀ eré lójú àwọn mìíràn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi sùúrù kà á dé òpin, ẹ ó rí i pé ó ju eré lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, iṣẹ́ ìjọ mú wa kọjá níwájú ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ní ìlú Ìlobùú. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan jẹ́ ọmọ Ìlobùú, èkejì jẹ́ ọmọ Ifọ́n-Ọ̀ṣun. Iṣẹ́ kápẹ́ńtà ni àwọn méjèèjì jọ ń kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà. Wọ́n ń jiyàn lórí bọ́ọ̀lù tí Victor Ikpeba gbá ní Èkó ní ọdún 2000. Ẹni èkínní ní rẹfirí ja Nàìjíríà lólè. Èkejì ní àfọwọ́fà ni, àwa fúnra wa ni a fà á. Àríyànjiyàn náà dùn, a sì ń rẹ́rìn-ín bí a ti ń gbọ́ ọ, títí ọ̀kan nínú wọn, tí a kì yóò sọ ìlú rẹ̀, fi wí pé: “Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ máa ń sọ nípa ilẹ̀ onílẹ̀.” Lójijì ni ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Ìyá kan tí ó ń din àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà gbé ojú sókè, ó sì bi wọ́n pé: “Ẹ̀yin ọkọ mi, èwo nínú yín ni a ti bí ní ọdún tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù náà?” Kò sí ọ̀kan.

Ìbéèrè ìyá náà bá wa délé. Ogún ni wọ́n jẹ ìjà bọ́ọ̀lù náà; ogún náà ni wọ́n sì jẹ ti ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù náà yẹ̀wò. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2000, ní pápá ìṣeré ńlá tí ó wà ní Sùúrùlérè, Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù pàdé ní àṣekágbá ìdíje Ife Ilẹ̀ Áfíríkà. Eto'o àti Mboma gbá góòlù 2 wọlé wa. Chukwu àti Okocha dá méjèèjì padà. Nígbà tí àkókò parí tí ẹnikẹ́ni kò borí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbá pẹnárítì. Bọ́ọ̀lù tí Ikpeba gbá lu igi ìdábùú òkè, ó sì já sílẹ̀. Àwòrán rẹ̀ fi hàn pé ẹ̀yìn ìlà ni ó já sí kí ó tó ta jáde. Ṣùgbọ́n Mourad Daami, rẹfirí ọmọ ilẹ̀ Tùnísíà, kò kà á sí góòlù. Rigobert Song gbá ti ìkẹyìn wọlé, Kamẹrúùnù sì gba ife náà pẹ̀lú 4 sí 3.

Ó ha ṣi ìdájọ́ bí? Bẹ́ẹ̀ ni, àwa gbà pé ó ṣì í. Òfin eré náà sọ pé bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ kọjá ìlà tán pátápátá, ìbáà ṣe nílẹ̀ tàbí lókè, kí ó tó di góòlù. Ti Ikpeba sì kọjá. Ṣùgbọ́n àṣìṣe kì í ṣe olè jíjà. Ojú méjì péré ni ọkùnrin náà ní, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó sì rí ohun tí àwa ti ń wò ní àwòtúnwò láti ìgbà náà wá. Pẹ̀lúpẹ̀lù, Kanu náà kò gbá tirẹ̀ wọlé. Bí a bá fi góòlù Ikpeba kún 3 tiwa, 4 sí 4 ni ìbá jẹ́. Kò sí ẹni tí ó lè búra pé ọwọ́ wa ni ife náà ìbá bọ́ sí.

Ohun kan wà tí ó máa ń yà wá lẹ́nu. Ìdájọ́ tí ó pa wá lára, a kì í gbàgbé rẹ̀. Èyí tí ó gbè wá, a kì í dárúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1994, nígbà tí Nàìjíríà pàdé Ítálì ní Foxborough ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà nínú ìdíje Ife Àgbáyé, Amunike ti gbá góòlù kan wọlé fún wa. Rẹfirí ọmọ Mẹ́síkò, Arturo Brizio Carter, lé Zola ti Ítálì jáde, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì pẹ́ tí Zola wọ pápá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sọ pé ìdájọ́ náà le jù. Àwa jẹ́ 11, Ítálì ku 10. Síbẹ̀, nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú 2 péré, Roberto Baggio gbá góòlù wọlé wa, ó sì tún gbá pẹnárítì wọlé ní àfikún àkókò. Ìjiyàn tí ó tọ́ nípa ọjọ́ náà, ti ọgbọ́n eré ni: ó ha yẹ kí a fà sẹ́yìn kí a máa ṣọ́ góòlù kan ṣoṣo, tàbí kí a lépa èkejì nígbà tí àwọn tí a ń bá ṣeré kò pé? Níti tiwa, a rò pé ìlépa ni ó yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé a kò lè di ẹ̀bi náà ru rẹfirí.

Bákan náà ni ó rí ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2018, nígbà tí a bá Argẹntínà ṣeré ní ìlú St. Petersburg. Cüneyt Çakır, ọmọ ilẹ̀ Túrkì, fún wa ní pẹnárítì nígbà tí Mascherano di Balogun mú, Moses sì gbá a wọlé. Lẹ́yìn náà, bọ́ọ̀lù ta láti orí Rojo bà á lọ́wọ́. Rẹfirí lọ wo àwòrán rẹ̀ lẹ́bàá pápá, ó sì kọ̀ láti fún wa ní èkejì. Rojo yìí kan náà ni ó gbá góòlù tí ó lé wa kúrò nínú ìdíje. Ọkùnrin kan náà ni, fèrè kan náà ni. Ṣùgbọ́n a ń pè é ní olójúsàájú nítorí èkejì, a kò sì rántí èkínní.

Kí wá ni ó yẹ kí a ṣe sí ìdájọ́ tí ó ṣì? Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 2010, bọ́ọ̀lù tí Lampard ọmọ Gẹ̀ẹ́sì gbá sí Jámánì kọjá ìlà kedere, rẹfirí kò sì kà á. Àbájáde eré náà kò yí padà. Ṣùgbọ́n a gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú àwọn tí ó ń ṣe òfin eré, àwọn sì fọwọ́ sí i ní ọdún 2012 pé kí ẹ̀rọ máa ṣọ́ ìlà, èyí tí a lò ní ìdíje Ife Àgbáyé ti Bràsíl ní ọdún 2014. Ẹjọ́ tí a rò pẹ̀lú ẹ̀rí ni ó ṣe é, kì í ṣe òkúta tí a sọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Kamẹrúùnù. Nígbà tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù ní Sùúrùlérè ní ọdún 2000, ẹjọ́ ìlà mìíràn ti wà nílẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì yìí: ẹjọ́ ààlà ilẹ̀ Bakassi, tí Kamẹrúùnù gbé lọ sí ilé ẹjọ́ àgbáyé ní ìlú Hague ní ọdún 1994, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2002, ilé ẹjọ́ dá ilẹ̀ náà fún Kamẹrúùnù. Ó dun ọ̀pọ̀lọpọ̀ ní Nàìjíríà, ó sì dun àwọn tí ilé wọn wà níbẹ̀ jùlọ. Síbẹ̀ a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọdún 2006, a sì fi ilẹ̀ náà lé wọn lọ́wọ́ tán ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2008. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2024, orílẹ̀-èdè méjèèjì tún pàdé lórí pápá ní Abidjan. Lookman gbá góòlù 2 wọlé fún wa, eré parí, olúkúlùkù sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Àwọn baba wa máa ń wí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ ni pé ẹjọ́ a máa ba ọ̀rẹ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ kóòtù tí ó mú àdá, kì yóò ní ọ̀rẹ́, kì yóò sì ní àre. Òkú ni yóò ní.

Àwa tí a ń gbé ní àyíká yìí mọ ohun tí a ń sọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìjà láàárín Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun, tí ó kan Ẹrìn-Ọ̀ṣun pẹ̀lú, gba ẹ̀mí, ó jó ilé, títí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi kéde òfin kónílé-ó-gbélé. Ìrẹ́pọ̀dùn ni orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìlobùú jẹ́ olú rẹ̀. Orúkọ náà tó láti kó ìtìjú bá gbogbo wa. Níti ibi tí ìlà náà gbà, àwa kì í ṣe rẹfirí rẹ̀, a kì yóò sì fọn fèrè lé e lórí nínú ìwé ìròyìn yìí.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí ó jẹ́ ti bàbá àti ìyá nínú ilé. Bí bàbá bá ń kígbe “Olè!” ní gbogbo ìgbà tí fèrè bá dún lòdì sí i, ọmọ tí ó jókòó lẹ́bàá rẹ̀ ń kọ́ pé gbogbo ìdájọ́ tí kò bá gbe òun, olè ni. Ọmọ náà yóò dàgbà, yóò sì bá ẹjọ́ tí ó ju ti bọ́ọ̀lù lọ pàdé. Nítorínáà, kí a tó jiyàn, ẹ jẹ́ kí a bèèrè ohun tí òfin wí. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò gbà fún wa sọ tirẹ̀ tán, nítorí ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè bóyá ohun kan náà ni a ó wí bí àwọn agbábọ́ọ̀lù náà bá pààrọ̀ ẹ̀wù. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí a ti orí bọ́ọ̀lù bọ́ sí orí ìlú ẹnìkejì wa.

Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjèèjì náà ra àkàrà lọ́wọ́ ìyá yẹn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì jọ gba ọ̀nà kan náà lọ. A kò gbọ́ pé ọ̀kan gbà fún èkejì. Bí wọn kò bá tilẹ̀ gbà títí ayé, kò burú.

Kí Ọlọ́run Àlàáfíà wà pẹ̀lú agbo ilé yín. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.