Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Kọ́ Ọmọ Ní Ìṣúná

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Mboppi, ní Douala, bi mí léèrè láìpẹ́ yìí pé: "Àbúrò, ọmọ mi fẹ́ kàwé ìṣúná ní yunifásítì ìjọba. Ṣé kò ní fi ọdún mẹ́ta ṣòfò báyìí?" Ẹbí ti sọ fún wọn pé ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ló dára, tàbí kí ọmọ náà kúkú gba Faransé lọ.

Mo ní kò ní ṣòfò. Àwọn tó ń bú yunifásítì ìjọba fi ohun tó yẹ ní bíbú sílẹ̀, wọ́n ń bú èyí tí kò yẹ.

Láti 1993 ni owó ìforúkọsílẹ̀ ọdọọdún ní yunifásítì ìjọba Kamẹrúùnù ti jẹ́ 50,000 CFA. Aláṣọ lè san án. Bí a bá ní kí ọmọ olówó nìkan máa kọ́ bí owó ṣe ń ṣiṣẹ́, àwọn nìkan náà ni yóò máa pàṣẹ lé owó wa lórí.

Ohun tó yẹ ní bíbú ni ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ. Yunifásítì ìjọba ni èmi náà ti kàwé ìṣúná. Ọdún mẹ́rin gbáko la fi ṣírò ṣíà àwọn ilé-iṣẹ́ New York. Olùkọ́ kan kò bi wá rí bí ìyá wa ṣe ń dá èsúsú.

Ẹ wo Douala. Wọ́n dá ọjà ṣíà sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2001. Ó di 2006 kí ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́, SEMC tó ń ta omi inú ìgò, tó wọ ọjà náà. SAFACAM àti SOCAPALM tẹ̀ lé e. Títí wọ́n fi da ọjà náà pọ̀ mọ́ ti Libreville ní 2019, àwọn mẹ́ta yìí nìkan ni ṣíà wọn wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ dé ibi tí àwọn oníṣòwò ti ń dá njangi, èsúsú tiwọn. Ní òmíràn, ńṣe ni wọ́n máa ń fi owó du ẹni tí yóò kó. Ká ní ẹni mẹ́wàá dá 100,000 CFA lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,000,000. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ wà ní èbúté lè gbà láti kó 900,000 lónìí. 100,000 tó fi sílẹ̀, èlé nìyẹn. Bí ẹni tó kọ́kọ́ kó bá sá lọ ńkọ́? Ewu nìyẹn. Ta ló ṣe onídùúró fún un? Gbogbo ìṣúná wà nínú yàrá kan náà.

Àwọn kan yóò ní báǹkì kì í béèrè njangi lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́. Báǹkì mélòó ló wà, ọmọ mélòó ló ń gboyè jáde lọ́dọọdún? Ọjà ni ọ̀pọ̀ wọn yóò padà sí. Kí wọ́n má ṣe débẹ̀ bí àjèjì.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n forúkọ ọmọ náà sílẹ̀, kí wọ́n sì máa mú un lọ sí njangi wọn lóṣooṣù, tòun ti ìwé àti bírò. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, láti Douala títí dé Èkó, iṣẹ́ yín nìyẹn. Ẹ má fi í sílẹ̀ fún aláṣọ nìkan.