Owó Ẹ̀rù Tó Wà Nínú Pẹpẹ Ìwé Ọmọ Mi

Igun kan wà nínú yàrá ọmọbìnrin mi tí ògiri ti wọnú díẹ̀. Ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 6, ó ga tó 7. Ibẹ̀ ni ìwé rẹ̀ ti ń gun ara wọn lórí láti ọdún tó kọjá: ìwé iléèwé, ìwé ìtàn, èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kà tán, nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Mo pe káfíńtà pé kó bá wa kan pẹpẹ ìwé mọ́ ògiri náà, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí yóò gba aṣọ àti ohun ìṣeré. Bàbá náà wọn ibẹ̀ lókè, ó wọn ọ́n láàárín, ó wọn ọ́n nísàlẹ̀, torí ògiri tó gún régé ṣọ̀wọ́n nínú ilé wa. Ó yọ pẹ́ńsùlù létí, ó ṣírò.

"Màmá, bọ́ọ̀dù márùn-ún la máa rà. Ẹ bá mi san ìdá méje nínú mẹ́wàá sílẹ̀ kí n tètè lọ rà á. Iye tí mo pè yìí, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun la máa bá lọ́jà lọ́la."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi àti ọmọ náà jókòó ti ìwé, a ya àwòrán pẹpẹ náà. Bọ́ọ̀dù kan fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, ó gùn ní 8. Bí wọ́n bá là á ní òró sí mẹ́rin, ìkọ̀ọ̀kan á fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ìyẹn sì tó ìwé ọmọdé gbà. Òpó 3 ló máa dúró, pẹpẹ 6 ló máa dùbúlẹ̀. Òpó kan wà láàárín kí pẹpẹ má baà gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ kó tó kan ohun tó gbé e ró. Bó bá gùn jù bẹ́ẹ̀, ìwé á tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ bí ọrun. Ọ̀pá mẹ́sàn-án nìyẹn. Ògiri fúnra rẹ̀ ni ẹ̀yìn, kò sí bọ́ọ̀dù tí a máa ná síbẹ̀. Ilẹ̀kùn 4 tí ìsàlẹ̀ nílò sì jáde nínú ohun tó ṣẹ́ kù lára bọ́ọ̀dù kẹta. Mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí mo fi àwòrán náà han káfíńtà láàárọ̀, ó wò ó títí. Kò bínú, kò sì jiyàn. Ó ní, "Òótọ́ ni, Màmá. Méjì tó lé yẹn, owó ẹ̀rù ni."

Ó wá ṣàlàyé. Ó ti pe owó wọ́dúróòbù fún ẹnì kan rí, ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí onítọ̀hún tó san án. Kó tó dé ọjà, bọ́ọ̀dù ti gbówó lórí, híńjì àti gúlù náà sì ti gbówó lórí. Owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fi dí àlàfo náà. Láti ìgbà yẹn ló ti ń fi nǹkan lé gbogbo iye tó bá pè.

Kò sí bí mo ṣe lè bá a jà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni ìjọba tú náírà sílẹ̀. Dọ́là kan tí kò tó ₦500 ní báńkì ṣáájú ìgbà náà ti kọjá ₦1,500 nínú ọdún 2024. Púpọ̀ nínú bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù ló wá láti òkè òkun, bẹ́ẹ̀ náà ni híńjì àti irin tí dúrọ́ọ̀ fi ń wọlé jáde. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Báńkì Àpapọ̀ ka nǹkan 41 tí oníṣòwò kò gbọdọ̀ tọrọ dọ́là fún ní báńkì. Bọ́ọ̀dù wà níbẹ̀, pílíwúùdù wà níbẹ̀, àga àti tábìlì wà níbẹ̀, títí kan igi ìtayín. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni wọ́n tó gbé òfin náà kúrò. Èrò tí wọ́n fi ṣe òfin náà ni pé ká máa ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí nílé. Èrò rere ni, ṣùgbọ́n kí á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọjà òkèèrè kò lè dá iná mànàmáná sílẹ̀ ní iléeṣẹ́.

Mo bi káfíńtà pé kí ló dé tí a kò lo pákó wa, tí ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn kún fún un. Ìdáhùn rẹ̀ ló ká mi lára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní tútù ni wọ́n ń ta púpọ̀ nínú pákó. Bó bá dénú yàrá tán ni yóò máa gbẹ, yóò lọ́, yóò sán, ilẹ̀kùn kò sì ní pa dé mọ́. Pákó tó yẹ kí wọ́n tò jọ kó gbẹ fún oṣù mélòó kan, ẹni tó là á kò lè dúró dè é, owó rẹ̀ ló há síbẹ̀. Ó ní láti tà á lónìí kó tó lè ra igi tọ̀la. Igi wà, ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n gbẹ́ wà. Owó tó lè fara balẹ̀ ni kò sí.

Ohun kan náà ló bí owó àsansílẹ̀ tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa àti káfíńtà. Báńkì kì í sábà yá ẹni tó ní ayùn àti òòlù nìkan lówó, àjọ sì ní ọjọ́ tirẹ̀. Owó tí mo san sílẹ̀ ni wọ́n fi ń parí iṣẹ́ ẹni tó ṣíwájú mi; ẹni tó bá tẹ̀ lé mi ni yóò parí tèmi. Mo ti dúró de bẹ́ẹ̀dì kan fún oṣù mẹ́rin rí, mo sì pe ẹni náà ní gbájúẹ̀. Ó jẹ̀bi lóòótọ́, àmọ́ mo ti wá rí ibi tí owó mi gbà lọ.

Nítorí náà, èmi àti káfíńtà la jọ lọ sọ́jà. Èmi fúnra mi san owó bọ́ọ̀dù mẹ́ta fún ẹni tó ń tà á, wọ́n fi ẹ̀rọ là á níbẹ̀ bí a ti yà á. Owó iṣẹ́ ọwọ́, a pín in sí mẹ́ta: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó nà án ró, ìgbà tó parí. Owó ẹ̀rù kúrò nínú rẹ̀ pátápátá. Ọjọ́ 6 ló fi ṣe é. Ọmọ mi ló ń di téèpù etí bọ́ọ̀dù mú nígbà tí bàbá ń fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, òórùn gúlù gba gbogbo yàrá. Sukúrù ló fi dè é mọ́ ògiri, kó má baà ya lu ọmọ tó bá gùn ún. Torí pé a ń yá ilé gbé ni, ó ṣe é ní apá méjì tó ṣeé tú, ká lè kó o lọ lọ́jọ́ tí a bá kó.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbé irú iṣẹ́ yìí fún káfíńtà kí iléèwé tó wọlé, ẹ bá a lọ sí ìsọ̀, kí ẹ san owó bọ́ọ̀dù fúnra yín. Lọ́jọ́ tó bá sì ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ padà sínú àpò, ẹ san ìyókù owó rẹ̀ fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kó padà wá níparí oṣù.