Garawa ìdalẹ̀sí tó ń dá ṣí, tó ń dá dé: bí yóò bá wúlò fún Ẹ̀gbẹ́dá

Àwọn àgbà ní ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Nígbà tí wọ́n ń pa òwe yìí, ẹ̀yìnkùlé ni ààtàn wà. Eérú àdògán, èèpo iṣu, ewé ẹ̀kọ àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ ni wọ́n ń dà sí i, tí gbogbo rẹ̀ bá sì jẹrà tán, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ti máa ń ṣe dáadáa jù. Ààtàn ayé òde òní kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀rá píọ̀wọ́tà, ike, pámpáàsì ọmọdé àti bátìrì tó ti kú kì í jẹrà, ẹni tó bá sì gba Ẹ̀gbẹ́dá kọjá lọ sí Akówonjo tàbí Ìdímù ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí òjò rọ̀ mọ́jú yóò rí ibi tí àgbàrá kó wọn jọ sí.

Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ garawa ìdalẹ̀sí, tí àwọn ará Èkó ń pè ní dọ́sìtìbíìnì, kúrò lọ́rọ̀ eré. Lẹ́nu ọdún díẹ̀ wá, oríṣi garawa kan ti wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe àti yunifásítì wa. Bí èèyàn bá na ọwọ́ tó mú ìdọ̀tí sún mọ́ ọn, ọmọrí rẹ̀ á ṣí fúnra rẹ̀; bí ó bá mú ọwọ́ kúrò, á padà dé. Bí wọ́n bá gbé e jáde níbi àfihàn, àwọn kan á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ní ọmọ náà ti di òyìnbó. Àwọn àgbàlagbà mìíràn á fi rẹ́rìn-ín pé irú ọ̀lẹ wo ni kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí garawa. Àtẹni tó pàtẹ́wọ́ o, àtẹni tó rẹ́rìn-ín o, kò sí èyí tó tíì bi ọmọ náà ní ìbéèrè tó yẹ.

Ọmọrí garawa kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Òun ni kì í jẹ́ kí eṣinṣin bà lé ohun tó ti bàjẹ́ kó tó fò lọ bà lé ọbẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí eku rí oúnjẹ òru jẹ, bẹ́ẹ̀ sì ni eku ọmú púpọ̀ ló ń gbé ibà Lassa kiri, àrùn tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa, ní Bọ̀nó, lọ́dún 1969. Òun náà ni kì í jẹ́ kí òjò rọ kún inú garawa kí omi rẹ̀ sì ṣàn lọ sínú kànga. Nígbà tí àrùn onígbáméjì ṣẹ́ yọ ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ìmọ́tótó omi àti oúnjẹ ni àwọn dókítà ń ké mọ́ àwọn aráàlú létí. Ṣùgbọ́n ìdí tí ọ̀pọ̀ garawa ilé wa fi máa ń wà ní ìhòòhò kò le: ọmọrí ọ̀hún ń rùn, ó ń yọ̀, kò sì sí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Wọ́n á ṣí i lẹ́ẹ̀kan, ó di kó má padà dé mọ́. Ọjọ́ kẹta, ọmọrí ti sọnù. Nítorí náà, ẹni tó bá wá ọ̀nà tí garawa yóò fi máa dé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án kò ṣe ọ̀lẹ rárá.

Kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1883, Eugène Poubelle, tó ń ṣàkóso ìlú Paris nígbà náà, pàṣẹ pé kí gbogbo onílé pèsè garawa tó ní ọmọrí fún àwọn ayálégbé wọn. Inú bí àwọn onílé, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ bú garawa náà, àbùkù ọ̀hún ló wá di orúkọ: títí di òní, poubelle ni àwọn tó ń sọ èdè Faransé ń pe garawa ìdọ̀tí, àwọn ará wa ní Kútọnu àti Pọ́tọ̀-Nóvò náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, obìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Lillian Gilbreth, ìyá ọmọ méjìlá, ni wọ́n gbà pé ó ronú kan garawa tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ọmọrí rẹ̀ tó ṣí. Ìyá ọlọ́mọ púpọ̀ ni yóò mọ ìyà ilé ìdáná, kò sí iyèméjì níbẹ̀.

Èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń ṣe báyìí kò lo ẹsẹ̀, ó ń lo ohùn. Ẹ̀rọ kékeré kan wà níwájú garawa náà tó dà bí ojú méjì. Ojú kan ń ké, èkejì ń gbọ́. Igbe ọ̀hún ga kọjá ohun tí etí èèyàn lè gbọ́, gẹ́gẹ́ bí àdán ṣe ń ké lóru tó sì ń tipa ìró tó padà wá mọ ibi tí ògiri wà. Bí ohùn náà bá kọ lu ọwọ́ èèyàn tó jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 30, kò ní tó ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú-àáyá kan kó tó padà. Pátákó pẹlẹbẹ kan, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Arduino, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ìlú Ivrea ní Ítálì lọ́dún 2005, ni yóò ṣírò àkókò yìí, tí yóò sì pàṣẹ fún mọ́tò kékeré kan pé kó gbé ọmọrí. Gbogbo ohun èlò yìí wà lórí àtẹ ní Computer Village, ní Ìkẹjà, kò sì jìnnà sí Ẹ̀gbẹ́dá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ ni ìgbà tí garawa bá kúrò lórí tábìlì olùkọ́. Mọ́tò tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ àwọn ọmọ yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní SG90, kò lágbára rárá. Bí wọ́n bá so ó mọ́ ìdí ọmọrí tí agbedeméjì rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 20 jìnnà sí ojú ìdè, kò lè gbé ju nǹkan bí gíráàmù 90 lọ. Ọmọrí páálí nìyẹn. Ọmọrí ike ńlá tí ẹ̀fúùfù kò ní gbé lọ wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́nà púpọ̀. Èyí tó tún burú ni pé ẹ̀rọ náà kì í sùn. Tọ̀sán-tòru ló ń ké tó sì ń fetí sílẹ̀ bóyá ẹnì kan ń bọ̀, bátìrì kéékèèké mẹ́rin tí wọ́n kì sí i nídìí á sì ti tán láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, àfi bí ẹni tó ṣe é bá kọ́ ọ ní oorun sísùn. Ta ni yóò máa ra bátìrì fún garawa ìdọ̀tí ní ilé tí owó ìyẹ̀fun ẹ̀kọ kò tíì pé? Bí wọ́n bá sì gbé e sí ìta, ewúrẹ́ tó ń kọjá á ṣí i, adìyẹ á ṣí i, àwọn ọmọdé á fi ṣeré títí mọ́tò á fi jó. Ní Ẹ̀gbẹ́dá tí èrò kì í dá lẹ́sẹ̀ láti ìdájí, ọmọrí náà kò ní ráyè dé.

Èyí kò sọ pé iṣẹ́ náà kò dára. Ó ní ààyè tirẹ̀: yàrá tí wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn, ilé oúnjẹ, báńkì, ilé tí àgbàlagbà tí kò lè bẹ̀rẹ̀ tàbí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti rọ ń gbé. Ní irú ibẹ̀, èèyàn kan wà tí yóò máa tọ́jú bátìrì, òjò kò sì ní pa á. Ní Kòríà Gúúsù, tí wọ́n ti fòfin de dída oúnjẹ tó ṣẹ́kù sí ààtàn gbogbogbòò láti ọdún 2005, garawa kan wà ní ọ̀pọ̀ àdúgbò tó ń ṣí nígbà tí onílé bá fi káàdì rẹ̀ hàn án, tó sì ń wọn ìwúwo ohun tó dà sínú rẹ̀ kí wọ́n lè mọ iye tí yóò san. Ìdí tí wọ́n fi fi ẹ̀rọ sí i nìyẹn: ó ń ṣírò owó. Ẹ̀rọ tiwa kò tíì ní iṣẹ́ kankan ju kó ṣí kó sì dé lọ.

Ní ọdún 2020 tí àrùn kòrónà dé, àwọn jórinjórin káàkiri ilẹ̀ yìí fi irin àti sipiríìnì ṣe ohun ìfọwọ́ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí omi àti ọṣẹ tó jáde. Kò gba bátìrì, kò gba iná NEPA, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì lo ìgbà. Ẹni tó lè ṣe ìyẹn lè ṣe garawa. Ààbọ̀ dúrọ́ọ̀mù ni, irin ìtẹ̀mọ́lẹ̀ nísàlẹ̀, ọ̀pá kan tó gba ẹ̀yìn lọ sókè láti ti ọmọrí. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí wọ́n ṣọ́ ni pé kí ọmọrí náà má ṣí débi tí kò ti ní lè fi ìwúwo ara rẹ̀ padà; bí ó bá fi lè nàró gangan, bí yóò ṣe wà nìyẹn. Kí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ mẹ́ta gbé e kúrò nílẹ̀, nítorí ìdí dúrọ́ọ̀mù tó bá jókòó sínú omi, ìpẹtà kì í jẹ́ kó pẹ́.

Àmọ́ bí ọmọrí bá ń dá ṣí o, bí ẹsẹ̀ ló ń ṣí i o, garawa tó bá ti kún àkúnwọ́sílẹ̀ kò ní dé. Ibí yìí ni ọ̀ràn Alímòṣọ́ wà gan-an. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn 1,277,714 sí ìjọba ìbílẹ̀ náà, èyí tó pọ̀ jù lọ nínú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn ilé tí wọ́n sì ti kọ́ sí Ìpájà, Àyọ̀bọ̀, Ìkọ̀tún àti Ìgándò lẹ́yìn ìgbà náà kò lóǹkà. Ọdún 1977 ni ìjọba Èkó ti dá àjọ tó ń rí sí ìdọ̀tí sílẹ̀, òun ló yí orúkọ padà títí ó fi di LAWMA lọ́dún 1991. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú àwọn aládàáni tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí PSP wọlé. Lọ́dún 2017, ìjọba Akinwunmi Ambode gbé ètò mìíràn kalẹ̀, ó fi kíkó ìdọ̀tí ilé lé ilé-iṣẹ́ Visionscape lọ́wọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín garawa tuntun. Ọ̀rọ̀ náà di tilé-ẹjọ́ láàárín ìjọba àti àwọn PSP. Àwọn tó gbé Èkó lọ́dún 2018 kò tíì gbàgbé òkìtì ìdọ̀tí tó dí àárín títì. Garawa wà nígbà náà. Ọkọ̀ tó yẹ kó wá kó o ni kò dé déédéé. Ìjọba Babajide Sanwo-Olu, tó wọlé lọ́dún 2019, tún gbé iṣẹ́ náà padà fún LAWMA àti PSP.

Níbi tí ọkọ̀ kò bá ti dé, ọmọlanke ni yóò dé. Ìjọba ti fòfin de àwọn ọlọ́mọlanke tó ń kó ìdọ̀tí lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀sùn tí wọ́n sì fi kàn wọ́n, pé ojú gọ́tà ni púpọ̀ nínú wọn ń dà á sí lóru, kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ní ìdọ̀tí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́nu ọ̀nà, tí ìdin ti ń rìn lórí rẹ̀, kò ní dúró de òfin kó tó pe ẹni tó ń ké lọ lójú pópó. Àwọn onílé kan náà kò sì mọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí: wọn kì í san owó PSP, wọ́n á sì tún máa bínú pé ọkọ̀ kò wá. Ọkọ̀ náà ń ra epo.

Bí ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn ìjọba ìdàgbàsókè abẹ́ rẹ̀ bá fẹ́ kí ọpọlọ àwọn ọmọ yìí wúlò, iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n gbé fún wọn wà nílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ké bí àdán yẹn lè wà ní abẹ́ ọmọrí garawa ńlá inú ọjà, kó kọjú sísàlẹ̀, kó máa wọn bí ìdọ̀tí ṣe ga tó. Lẹ́ẹ̀mejì péré lójúmọ́ ni yóò jí wò ó, bátìrì rẹ̀ á sì pẹ́. Bí ó bá ti fẹ́ kún, kó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù awakọ̀ PSP àti ti alága ọjà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó má baà sí ẹni tí yóò sọ pé òun kò mọ̀. Ní ilé àdáni, kí wọ́n ra garawa onírin-ìtẹ̀ lọ́wọ́ àwọn jórinjórin Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìdímù dípò kí wọ́n máa kó ike wọlé láti òkè òkun. Àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ìwọ̀n lọ́wọ́ àwọn tó ni ọkọ̀, nítorí garawa tí apá ọkọ̀ kò lè gbé, ọwọ́ lásán ni òṣìṣẹ́ yóò fi dà á, ìdajì rẹ̀ á sì wà nílẹ̀.

Àwọn tó ń ka èyí ní abúlé lè rò pé ọ̀rọ̀ Èkó ni. Kí wọ́n wo ẹ̀yìn ọgbà ilé-ìwé wọn, kí wọ́n wo etí odò. Láti oṣù kìíní ọdún 2024 ni Èkó ti fòfin de ike funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí, àmọ́ lóko, agolo òògùn apakòkòrò ṣì ń wà níbi tí wọ́n bá ti tú u tán, ọmọdé á sì fi bu omi mu. Ààbọ̀ dúrọ́ọ̀mù kan fún èyí tó ń jẹrà, òmíràn fún ike àti ọ̀rá, ọmọrí onírin-ìtẹ̀ lórí méjèèjì, agolo òògùn lọ́tọ̀ níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Jórinjórin tó ń tún ẹ̀rọ gàrí ṣe lè parí rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan.

Ní ti Ẹ̀gbẹ́dá, kí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọjọ́ tí ọkọ̀ ń wá àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó yẹ kí wọ́n pè sí ara garawa kọ̀ọ̀kan, kí ó hàn gàgàrà, kí ìyá arúgbó tí kò rí ọ̀ọ́kán mọ́ lè kà á láìlo awò ojú.