Ìbọn Tí Ọta Rẹ̀ Ń Dé Ibi Tí Ojú Ọdẹ Kò Dé

Lẹ́tà tí a yàn lọ́sẹ̀ yìí ti Àgọ́ Aláyè wá, lẹ́bàá Orè, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ń ra kòkó tí ó sì tún ní oko tirẹ̀. Ó ní àwọn túrùkú ti sọ oko ẹ̀gẹ́ òun di ilé oúnjẹ wọn. Wọ́n á wọlé lóru, wọ́n á fi imú tú ebè, kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n ti bá tiwọn lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ń gbé ní Texas, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wá ṣèlérí pé òun yóò fi ìbọn ráífù kan ránṣẹ́ sí i, irú èyí tí wọ́n fi ń pa ẹran ńlá ní òkèèrè, tí a de awò mọ́ lórí. Ìbéèrè rẹ̀ kò gùn: irú ráífù wo ni kí òun sọ pé kí ẹ̀gbọ́n òun rà?

Ọmọ mi, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí n óò ní kí o gbà. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí o rò pé mo kàn ti ìbéèrè rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tí túrùkú jẹ oko rẹ̀ run ni ó mọ bí ó ti ń dun ni tó. Àwọn tí ń jókòó ní ìlú tí wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín kò tíì gbin ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo rí. Nítorí náà, jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ráífù jẹ́, kí o lè fi ojú ara rẹ rí ìdí tí kò fi bá igbó wa mu.

Bí o bá wo inú ọ̀pá ìbọn olójú kan tàbí olójú méjì tí àwọn ọdẹ wa ń lò, dídán ni ó ń dán láti ìdí dé ẹnu. Inú ráífù kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ìlà sí i nínú, ìlà náà sì lọ́ yípo bí ìlà tí ó wà lára ìṣó onílílọ́. Nígbà tí ọta bá ń gba ibẹ̀ jáde, àwọn ìlà wọ̀nyí a máa yí i bí òkòtó. Òkòtó tí ń yí kì í ṣubú. Bákan náà ni ọta tí ń yí kì í ta síhìn-ín ta sọ́hùn-ún, tààrà ni yóò máa lọ. Ọ̀kan tí àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà fẹ́ràn púpọ̀ ni .308, tí ilé-iṣẹ́ Winchester gbé jáde ní 1952. Ọta rẹ̀ a máa fi ẹnu ìbọn sílẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 2,700 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ariwo fúnra rẹ̀ kì í sáré ju bí ẹsẹ̀ bàtà 1,100 lọ, nítorí náà ọta yóò ti ba ẹran kí ìró ìbọn tó dé etí rẹ̀.

Síbẹ̀ ilẹ̀ ń fa ọta náà. Bí a bá tò ó kí ó ba ojú àmì ní yáàdì 100, bí ó bá fi máa dé yáàdì 300 yóò ti wálẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Atẹ́gùn náà a sì máa tì í. Ẹni tí kò bá mọ bí ẹran ti jìnnà tó gan-an, ẹsẹ̀ ni yóò bà, tàbí ikùn, ẹran á sì gbé ọgbẹ́ lọ kú sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Àwọn tí ń pa ẹran ní òkèèrè, ọjọ́ gbọọrọ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ ní pápá ìdánrawò kí wọ́n tó kọjú ìbọn sí ohun ẹlẹ́mìí.

Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ tirẹ̀. Ní àríwá ilẹ̀ Benin, lẹ́bàá ọgbà ẹranko Pendjari, àwọn ibì kan wà tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ìṣọdẹ, tí àwọn òyìnbó ti ń fi ráífù pa ẹfọ̀n tipẹ́. (Ọkàn arìnrìn-àjò kò balẹ̀ níbẹ̀ mọ́ láti oṣù Karùn-ún 2019, tí àwọn agbébọn jí àwọn ará Faransé méjì gbé tí wọ́n sì pa ẹni tí ń fọ̀nà hàn wọ́n.) Pápá ni ibẹ̀, koríko ni, igi kọ̀ọ̀kan ni, ojú sì ń ríran jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: níbẹ̀ pàápàá, ọdẹ tí ó gbọ́n kì í dúró ní yáàdì 300 yìnbọn lu ẹfọ̀n. Yóò rákò títí yóò fi súnmọ́ ọn dáadáa, ìbọn ọwọ́ rẹ̀ yóò sì jẹ́ irú .375 tí Holland & Holland ti ń ṣe láti 1912, tí ọta rẹ̀ wúwo. Bí ẹran bá ṣe tóbi tó ni ó ṣe yẹ kí a súnmọ́ ọn tó. Ẹni tí ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé ẹran ńlá ń fẹ́ ìbọn òkèèrè, ọjà ni ó ń tà.

Àwa náà kúkú mọ ọlá ìbọn tuntun tipẹ́. Nígbà ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí wọn kò sì tú àgọ́ ká títí di 1893, Èkìtì-Parapọ̀ rí ìbọn tí a ń ki láti ìdí gbà láti Èkó, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìbàdàn ṣì ń fi ọ̀pá gún ẹ̀tù láti ẹnu ìbọn. Ìyẹn ṣe gudugudu méje. Ṣùgbọ́n láti orí òkè kan sí èkejì ni wọ́n ti ń yìn ín, ní gbangba, ènìyàn ni wọ́n sì ń yìn ín lù.

Wá sí igbó Àgọ́ Aláyè wàyí. Nínú oko kòkó àti ẹgàn tí ó yí i ká, mélòó ni ibi tí o ti lè rí ẹran ní yáàdì 40? Awò tí ń sọ ohun òkèèrè di nítòsí, ewé ni yóò sọ di ńlá fún ọ. Ẹ̀ka igi tín-ín-rín tí o kò rí nínú òkùnkùn lè yí ọta kúrò lọ́nà. Bí ọta náà bá sì tàsé túrùkú, tàbí tí ó gba ara rẹ̀ kọjá, ńkọ́? Ọta ráífù ọdẹ lè fò ju máìlì méjì lọ. Àní kékeré tí wọ́n ń pè ní .22, tí àwọn ènìyàn kà sí ohun ìṣeré, lè fò ju máìlì kan lọ.

Ọmọ mi, fi ẹsẹ̀ ara rẹ ro máìlì méjì láti oko rẹ. Abà ẹni ẹlẹ́ni wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin tí ń ṣa igi ìdáná wà níbẹ̀, àti àwọn ọmọ tí ń lọ sí odò kí wọ́n tó lọ sí ilé-ìwé. Títì Èkó sí Benin tí ó gba Orè kọjá kì í dá, lọ́sàn-án àti lóru. Ta ni nínú wa tí kò tíì gbọ́ ìròyìn ọdẹ tí ó yìnbọn lu ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lóru, tí ó ní ẹtu ni òun rí? Ṣakabùlà ni ó sábà máa ń ṣe irú èyí, ṣakabùlà tí ọta rẹ̀ kì í lọ jìnnà. Ráífù yóò pa ẹni tí ìwọ àti òun kò tilẹ̀ rí ara yín. Ìlú tí ó fún wa ní ọ̀rọ̀ náà, "Ó le kú, ìjà Orè", nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra dé ibẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 1967, ti gbọ́ ìró ráífù tó.

Òfin náà wà níbẹ̀. Òfin Ìbọn ti 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni èyí tí a fòfin dè pátápátá, àfi bí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Ìbọn ológun tí ìwọ̀n ẹnu rẹ̀ jẹ́ 7.62 mm wà nínú rẹ̀. Èkejì ni ìbọn olójú kan, olójú méjì, àti ráífù ọdẹ tí ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ológun. Ìwé àṣẹ ìwọ̀nyí ti ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Àgbà Pátápátá Ọlọ́pàá wá. Ẹ̀kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí a ń ki láti ẹnu. Òun náà ní ìwé àṣẹ tirẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ọdẹ tilẹ̀ ń ṣe bí ẹni pé kò ní. Wàyí o, .308 tí mo mẹ́nu bà lókè yìí, ìbejì 7.62 mm ti àwọn ológun ni. Ṣé o rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ? Ohun tí wọ́n ń tà fún ẹ̀gbọ́n rẹ ní ṣọ́ọ̀bù ní Texas bí ẹni ń ta àdá, ní ibodè wa ìbọn ogun ni wọn yóò pè é. Òfin lórí olè jíjà àti ìbọn, ti 1984, sì sọ pé ẹni tí a bá ká ìbọn tí kò bófin mu mọ́ lọ́wọ́ yóò san ₦20,000, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kò ní dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì pọ̀. Má jẹ́ kí ìwọ̀n owó yẹn tàn ọ́. Adájọ́ ni yóò yàn, kì í ṣe ìwọ.

Kí ni kí o wá ṣe? Bí o bá fẹ́ ní ìbọn tìrẹ, olójú kan tàbí olójú méjì oníwọ̀n 12 ti tó fún túrùkú. Lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kí o béèrè ìwé àṣẹ kí o tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Wọn kò gbọdọ̀ fún ẹni tí kò tó ọmọ ọdún 17, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tàbí ọ̀mùtí. Má ra ìbọn tí alágbẹ̀dẹ dá lọ́gbọ́n pé kí ó máa jẹ kátíríìjì. Irin rẹ̀ lè bẹ́ sí ọ lójú. Gbé ìdí ìbọn lé èjìká rẹ, dijú, kí o sì là á: bí ojú rẹ kò bá bọ́ sí orí ọ̀pá gan-an, ìdí náà gùn jù tàbí ó kúrú jù fún ọ. Kátíríìjì tí ó yẹ ẹran bẹ́ẹ̀ ni SG, tí kóró 8 wà nínú áwúǹsì kan. Èyí tí a fi ń pa ọ̀yà kò ní ṣe ju pé kó bí i nínú, túrùkú tí a sì ṣe léṣe kì í sá, ènìyàn ni ó ń lé. Yin ọ̀kan lu páálí ní yáàdì 30 kí o sì ka iye kóró tí ó bọ́ sí ibi tí ó tó àwo oúnjẹ. Ibi tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí fọ́nká ni òpin agbára ìbọn rẹ. Má kọjá rẹ̀.

Ibi tí a bà ni ó ń pa ẹran. Ará Scotland kan, W. D. M. Bell, pa erin tí ó lé ní 1,000 ní ayé àtijọ́, ráífù kékeré oníwọ̀n 7 mm ni ó sì fi pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, nítorí ó ti la orí erin wò, ó mọ ibi tí ọpọlọ wà. Ti túrùkú, ẹ̀yìn apá iwájú ni, kí o sì rẹlẹ̀ díẹ̀. N kò sọ̀rọ̀ erin kí ẹnikẹ́ni lè gbé ìbọn tọ̀ ọ́ o. Àwọn díẹ̀ ṣì wà ní igbó Ọmọ̀ àti Olúwa, kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ yín. Láti 1985 ni òfin ti kà á léèwọ̀ pátápátá láti pa wọ́n.

Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe ti oko nìkan ni, fi ìbọn sílẹ̀ fún àwọn ọdẹ àdúgbò tí ó níwèé. Ro igbó tí ó yí oko ká kí ó mọ́ kedere, nítorí túrùkú kì í fẹ́ jáde sí gbangba. Kí wọ́n jókòó sórí igi létí oko, kí wọ́n máa yìnbọn sí ìsàlẹ̀, kí ọta tí ó bá tàsé lè wọlẹ̀. Kí olúkúlùkù mọ ibi tí èkejì wà, kí ẹnikẹ́ni má sì kúrò ní ipò rẹ̀ títí tí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Sọ fún àwọn alábà tí ó wà nítòsí ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Kí o sì kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n rẹ pé o dúpẹ́. Kí ó fi owó ráífù náà ra wáyà ọgbà.

Lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́, lẹ́tà olùkọ́ kan lórí owó àjọ tí kò pé ni a ó gbé yẹ̀ wò.