Òfìfo Kì í Ṣe Òdo

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa ní Akaka Rẹ́mọ, àṣẹ ni kọ̀ǹpútà tó ń tẹ ìwé owó-oṣù ń tẹ̀lé. Bí wọ́n bá ní kó fi iye owó han ọ̀gá, kó sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo fún òṣìṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe. Ó dára kí a bo owó ẹnìkejì. Owó ìfẹ̀yìntì tiwa ńkọ́? Òfin ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá 8 nínú 100, kí agbanisíṣẹ́ dá 10, ó kéré tán, kí ó sì san méjèèjì láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 lẹ́yìn ọjọ́ owó. Bí ibẹ̀ bá ṣófo, ṣé wọ́n bò ó ni, àbí wọn kò san án? Òfin ọdún 2023 lórí àkọsílẹ̀ ẹni fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti rí tiwa. Ẹ jẹ́ ká jùmọ̀ béèrè. Ojú àwo ni àwo fi ń gba ọbẹ̀.